Kẹ̀kẹ́ ológeere tókunbọ̀ tí mo rà n'Íjẹ̀bú Òde: ẹ lè rà á, àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi ná

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí mo rà lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn dáa, màá tún ra òmíì fún ọmọ mi ọkùnrin. Ẹni tó tà á fún mi ló parọ́ níbi méjì, títì wa n'Íjẹ̀bú Òde ló sì ń ṣe bíi pé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ò sí láyé rárá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oríta kan wà nítòsí ilé wa, tó bá ti di aago méje àárọ̀, ìran ni. Mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọ̀tún ò ní yẹ̀, ti òsì náà ò ní yẹ̀, Márúwá á ti ki imú bọ àárín wọn, ọlọ́kadà á gba orí gọ́tà, bọ́ọ̀sì ilé ìwé á wá dábùú gbogbo wọn, oníkálukú á wá máa fọn fèrè bíi pé fèrè ló ń wa mọ́tò. Nípàdé lándíọ́ọ̀dù, ẹnu gbogbo wa kò pé kí ìjọba wá bá wa ṣe bíríìjì, fláíófà tó máa gba orí oríta yẹn kọjá. Èmi náà pariwo ẹ̀ dáadáa, mo tiẹ̀ wà lára àwọn tó fọwọ́ sí lẹ́tà.

Àfi lọ́jọ́ kan tí mo jókòó sínú mọ́tò níbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mò ń jó epo níná, epo tí gbogbo wa mọ iye tó ti dà látìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ ní May 2023, ni ọmọkùnrin kan tó di búrẹ́dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó ń súfèé. Súfèé o! Ilé mi dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ò sì ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Ojú ti mí fún ara mi.

Ibi tí mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọkùnrin yẹn náà ní ọmọ tó ń bọ́. Ẹ̀bá títì ló pàtẹ sí, ó so àwọn kẹ̀kẹ́ rọ̀ bí ẹran lórí àtẹ alápatà, tókunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀, sítíkà èdè tí mi ò gbọ́ ṣì wà lára òmíì. Ó pe èyí tí mo mú ní ₦120,000. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, mo pe àádọ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì ṣe tán." Mo ń lọ, ó pè mí padà. Mo tún ń lọ, ó tún pè mí. A parí ẹ̀ sí ₦85,000 pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù àti lọ́ọ̀kì kan, lọ́ọ̀kì yẹn ò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dípẹtà.

Irin dúdú ni, táyà ẹ̀ nípọn, ó ní gíá mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, torí ó ní gbogbo gíá ló ń ṣiṣẹ́, ti iwájú ò kúrò lójú kan láti ọjọ́ náà dòní. Mi ò bínú jù sí ìyẹn, Ìjẹ̀bú Òde ò fi bẹ́ẹ̀ ní òkè tó le. Irọ́ kejì ló fẹ́ẹ̀ pa mí. Rọ́bà bírèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán pátápátá, bọ̀dá yẹn fi epo nù ún dán ni, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń sọ̀kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo fa bírèkì, kẹ̀kẹ́ ní òun ò gbọ́. Tábìlì ìyá tó ń ta ìkọ́kọrẹ́ ló dá mi dúró. Ìyá ò bú mi o. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti gba mọ́tò ẹ ni?"

Ìyẹn gan-an lohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Òógùn kọ́, oòrùn kọ́, ẹnu ará ìlú ni. Ẹ̀yin náà mọ àwa Ìjẹ̀bú. Tó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, tẹ́ ẹ bá gẹṣin dé Ojúde Ọba, wọ́n á lulù fún yín, wọ́n á máa ya fótò yín kiri ayé, ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n á máa bá yín gbàdúrà. Kọ́sítọ́mà mi kan rọra bi ìyàwó mi bóyá ọjà ò tà ni.

Ẹni tó yọ mí ni bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, àpótí kan àti agboòrùn tó ti ya ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó dojú kẹ̀kẹ́ mi délẹ̀, ó yí táyà, ó wá ń fi ìka ta àwọn sípóòkù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dẹ etí sí i, tíín, tíín, tíín, bó bá ti gbọ́ tàà, á dúró, á ní, "Èyí ti dẹ̀," á fi sípánà kékeré kan fún un. Ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo kàn ń wò ó ni. Ó ní láyé ìgbà tóun wà lọ́mọdé, tíṣà àti àwọn tó ń ra kòkó ló máa ń gun Raleigh, tí tíṣà bá ń kọjá, ọmọ ilé ìwé á dọ̀bálẹ̀. Rọ́bà bírèkì àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ₦3,500. Tó bá jẹ́ pé máàkì là ń fún èèyàn, márùn-ún nínú márùn-ún ni bàbá yẹn gbà, kẹ̀kẹ́ gba mẹ́rin, ẹni tó tà á gba méjì, títì gba òdo.

Ní ti owó, epo tí mo máa ń rà fún àlọ àtàbọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti àwọn yíyà sọ́tùn-ún sósì tó ń bá a rìn ò dín ní ₦12,000 lọ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ ti dá owó ara ẹ̀ padà kó tó pé oṣù méjì. Ní ti àsìkò, ìṣẹ́jú méjìdínlógún, bóyá oríta dí o, bóyá kò dí. Tí òjò bá rọ̀, mo máa ń wọ Márúwá, mi ò kí ń ṣe wèrè. Ẹ má sì gbé e gba ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin o, tírélà ibẹ̀ ò ní rí yín, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ bíríìjì. Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú lẹ́tà yẹn, alága wa ò sì bá mi ṣeré mọ́ látìgbà náà. Ó ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ ni n ó fi gbé ìyá mi lọ ọsibítù?" Rárá, sà. Mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi gbé màmá. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo ọkọ̀ tó dí màmá lọ́nà láàárọ̀, ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo bíi tèmi, tó ń lọ síbi tí ò jìnnà, nínú mọ́tò tó láyè èèyàn márùn-ún. Mo mọ̀ torí pé èmi wà lára wọn.

Ẹ wo Èkó tó wà lẹ́yìn ilé wa níbí. Carter Bridge ti wà láti 1901, Eko Bridge tẹ̀ lé e, Third Mainland ṣí ní 1990, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjìlá, wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀ ìkẹrin báyìí, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Tí ọ̀nà bá ti já gaara, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á ra mọ́tò, ẹni tó ti jókòó sílé á jáde, ẹni tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn á yà síbẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa kún padà. Ìyẹn tiẹ̀ ni ti orí bíríìjì. Gbogbo mọ́tò tó bá gorí ẹ̀ ló ṣì máa sọ̀kalẹ̀ níbì kan, ibi tí tiwa sì máa já sí ni oríta tó kàn, tó ti ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí mo rí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ l'Ékòó ni BRT tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008 láti Mile 12 dé CMS, tí wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì níbi tí àyè wà, àti reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn ní September 2023. Ní Seoul ní Kòríà, bíríìjì ńlá tó gba orí odò kan láàárín ìlú ni wọ́n wó lulẹ̀ ní 2003, wọ́n ní ìlú á dí pa, àmọ́ wọ́n tún ètò bọ́ọ̀sì tò, ìlú ò dí pa, àwọn èèyàn wá ń jókòó létí odò yẹn láti 2005 títí dòní. Èmi ò sọ pé a dà bíi Seoul o. Gọ́tà làwa ní.

Ó tiẹ̀ máa ń dùn mí tí mo bá rántí. Torí a ti ọ̀nà mọ́ wọn ni àwọn Òyìnbó fi bá wa jà n'Ímàgbọn ní 1892, ọ̀nà ò ṣeé fojú di lọ́dọ̀ wa. Reluwé ọjọ́un tó dé Ìbàdàn ní 1901, Abẹ́òkúta ló gbà. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, kìlómítà 157, Abẹ́òkúta náà ló tún gbà. Tó bá jẹ́ lẹ́tà la fẹ́ kọ, kí la dé tá ò kọ ọ́ lórí ìyẹn, kí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ náà gbọ́ fèrè reluwé?

Mi ò bá bíríìjì jà o. Ẹ lọ sí Ògùn Waterside, níbi tó jẹ́ pé omi gidi ló wà láàárín ìlú kan sí èkejì, ẹ bá wọn ṣe bíríìjì síbẹ̀, màá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Oríta tiwa ò lódò. Ohun tó ń ṣe é ni pé Márúwá sọ ẹnu ẹ̀ di gáréèjì, kò sí wọ́dà, gọ́tà ò ní ìdérí, ọmọ ilé ìwé ò wá ríbi rìn àfi àárín títì. Kí wọ́n kó gáréèjì yẹn wọ inú díẹ̀, kí wọ́n bo gọ́tà pẹ̀lú kọnkéré, orí ẹ̀ nìkan tó fún ẹlẹ́sẹ̀ àtàwa oníkẹ̀kẹ́ láti kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ rà, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ lè rí gbogbo ara ẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ yí pẹ́dà, kẹ́ ẹ wo ṣéènì bóyá ó ń fò. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà bírèkì fúnra yín, ẹ má fojú wò ó. Ẹ gùn ún dé iwájú, kẹ́ ẹ tó mówó jáde. Tẹ́ ẹ bá lè bẹ bàbá kan bíi ti bàbá mi yẹn kó tẹ̀ lé yín, ẹgbẹ̀rún méjì tẹ́ ẹ máa fún un ò tó nǹkan kan.

Mọ́dígáàdì ẹ̀yìn ni mò ń wá báyìí torí òjò ń bọ̀, ẹrẹ̀ ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi méjì jẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á n'Íjẹ̀bú Òde tàbí ní Ṣàgámù kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, kó má sì jẹ́ ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn.