Jailbreak láti orí ìkànnì: ẹ wá kọ̀ǹpútà lọ

iPhone X tòkunbọ̀ pọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, ọ̀pọ̀ tó ń rà á ló sì fẹ́ jailbreak rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n tú ìdè tí Apple fi dè é, kí wọ́n lè fi ohun tó wù wọ́n sórí rẹ̀. Àwọn ìkànnì tó ní àwọn ò nílò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sá lọ bá. Ẹ má fi dátà yín ṣòfò níbẹ̀.

Bí ẹ bá tẹ "Install", profile kan (fáìlì kékeré tó ń to ètò fóònù) ni wọ́n máa gbé wọ inú Settings. Àmì tuntun á yọ lójú fóònù, àmọ́ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ gba app méjì sílẹ̀ káwọn lè mọ̀ pé ènìyàn ni yín. Owó ìpolówó app yẹn ni wọ́n ń jẹ. Jailbreak kankan ò sí níbẹ̀.

Àwọn míì ní ojúlówó, bíi unc0ver, app jailbreak tó ń bá iOS (ètò tó ń darí iPhone) 11 dé 14.3 ṣiṣẹ́ lórí iPhone X. Ṣùgbọ́n certificate ilé-iṣẹ́ kan (ìwé ẹ̀rí tí Apple fún un láti fi buwọ́ lu app) ni àwọn ìkànnì náà fi ń buwọ́ lù ú. Tí Apple bá ti fagi lé e, app náà ò ní ṣí mọ́. Ó sàn kí ẹ fi Sideloadly (ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé app sórí iPhone) àti Apple ID tuntun gbé e sórí fóònù fúnra yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 7 péré ló ń lò kẹ́ ẹ tó tún un ṣe.

Tí iPhone X náà bá ti dé iOS 15 tàbí 16, palera1n, irinṣẹ́ jailbreak tó ń lo kọ̀ǹpútà, ni kẹ́ ẹ lò, láti palera.in gan-an, lórí Mac tàbí Linux. Okùn USB-A ni kẹ́ ẹ mú; USB-C máa ń kọ̀ láti wọ DFU, ipò tí fóònù ti ń gba àṣẹ látọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ ṣe ń gbé fóònù wọ DFU, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ pẹ́ jù, àmì Apple á yọ, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ passcode kúrò ṣáájú, Face ID náà ò sì ní ṣiṣẹ́. Lórí iOS 16, tí passcode bá ti wà níbẹ̀ rí, àfi kẹ́ ẹ nu fóònù náà mọ́ pátápátá kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó máa ń dun èèyàn jù ni pé tí bátìrì bá kú, jailbreak náà lọ nìyẹn, títí ẹ ó fi tún fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Nílùú tí iná ti ń ṣe ségesège, ẹ ra power bank. Ọ̀pọ̀ app báǹkì ò sì ní ṣí lórí fóònù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi fóònù mìíràn gba owó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni ní Otigba (Computer Village yẹn náà), ẹ wo Settings, General, About: irú fóònù àti nọ́ńbà iOS ló máa sọ irinṣẹ́ tó bá a mu.