Etí ìlù tuntun fún drum set tòkúnbọ̀: dígírì 45, 30, àbí etí róbótó?

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìlù òyìnbó lọ tún etí rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á sọ fún un: "Gé e sí 45, ó ti parí." Èmi ò fara mọ́ ọn. Drum set ìjọ wa, tòkúnbọ̀ onípákó birch, ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan n'Ìbàdàn, mo sì ní kó má gé gbogbo rẹ̀ bákan náà. A ti lù ú nígbà ọyẹ́, a ti lù ú nígbà òjò, mo lè wá sọ ohun tí owó wa rà báyìí.

Fún ẹni tí kò tíì tú ìlù rẹ̀ wò rí, etí ìlù ni ibi tí awọ gbé jókòó lórí igi. Ẹ fi ìka tọ́ ọ yípo, ẹ ó rí i pé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ wọnú, ó sì yọ ṣóńṣó níbì kan. Ṣóńṣó yẹn ló ń kan awọ. Ní dígírì 45, ó mú, kò fara kan awọ púpọ̀, nítorí náà ohùn á ta, á pẹ́ kó tó kú, bí ọ̀pá bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lásán, á dáhùn. Ní 30, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ohùn á kún, ariwo wẹ́wẹ́ tó ń tẹ̀lé e á dínkù. 30 yìí ni Gretsch, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìlù l'Amẹ́ríkà, fi ń gé tiwọn tipẹ́tipẹ́. Etí róbótó la sábà máa ń bá lára àwọn ìlù Ludwig àtijọ́, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1969: igi àti awọ fara mọ́ra, ohùn á gbẹ, á wúwo, á tètè dákẹ́.

Ẹ má pe etí róbótó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ o. Kí Remo Belli tó dá ilé iṣẹ́ Remo sílẹ̀ ní 1957 láti máa ta awọ oníke, awọ ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń bo ìlù wọ̀nyí. Tútù ni wọ́n ń fà á, ibi tó bá sì gbẹ sí ló ń gba ìrísí rẹ̀. Etí tó rọ̀ ló bá a mu. Àwọn tó ń gbẹ́ dùndún náà mọ ìyẹn: etí igi ọ̀mọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi awọ ewúrẹ́ bò, wọn kì í jẹ́ kó mú, kó má bàa gé awọ.

Ibi tí oníṣẹ́ yìí ti gba oríyìn mi ni pé kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ráútà, máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé etí igi. Ó dojú tom, ìlù tí kò ní wáyà lábẹ́, dé lórí òkúta mábù, ó fi iná fóònù sínú rẹ̀, ó pa iná ṣọ́ọ̀bù. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀ níbì kan, ó ń yọ lódìkejì. Ó wá lẹ pépà tí wọ́n fi ń ha igi mọ́ mábù náà, nọ́ńbà 150 ṣáájú, 220 tẹ̀lé e, ó fi pẹ́ńsù kun orí etí náà yípo, ó sì ń yí ìlù lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí pẹ́ńsù fi pa rẹ́ níbi gbogbo. Ká sọ pé ibẹ̀ ló dúró sí, owó mi ì bá ti jọ mí lójú. Ìlù tí etí rẹ̀ kò bá tẹ́jú, kò sí dígírì tó máa jẹ́ kó ṣe é tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ óò máa fa bóòtù kan le, òmíràn á máa dẹ̀.

Ní ti ohùn, snare (ìlù tó ní wáyà lábẹ́) tí a gé sí 45 lókè nísàlẹ̀ dára gan-an. Bí mo bá ń fi ọ̀pá rọra tọ́ ọ lábẹ́ orin ìyìn, gbogbo rẹ̀ ń jáde. Kick, ìlù ńlá ìsàlẹ̀, mo ní kó ṣe ẹ̀gbẹ́ tí à ń fi ẹsẹ̀ lù ní róbótó, kó gé iwájú sí 45: "gbì" kan, ó tán, kò nílò kí á ti ìrọ̀rí bọ inú rẹ̀ mọ́. Floor tom, tom ńlá tó ń dúró nílẹ̀, oní-30 ni ààyò mi nínú gbogbo wọn. Àwọn tom kéékèèké tí a gé sí 45 ni kò bá ilé wa mu. Òrùlé páànù, ilẹ̀ oní-táìsì, máíkì lórí ìlù kọ̀ọ̀kan: wọ́n ń hó bí agogo ilé ẹ̀kọ́ ni, àwọn tó ń bójú tó sáúǹdì sì ń lẹ téèpù mọ́ awọ. Oníṣẹ́ náà kàn fi pépà 220 pa ṣóńṣó wọn díẹ̀ ni, ariwo náà rọlẹ̀. Àǹfààní 45 nìyẹn: mímú ṣe é sọ di kíkú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe é ní róbótó tó wá ń fẹ́ mímú gbọ́dọ̀ gé igi kúrò, ìlù náà á sì kúrú.

Mo ní ẹ̀sùn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé ìsàlẹ̀ snare lé pépà kí n tó pariwo. Kòtò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, níbi tí wáyà snare ti ń kọjá; ẹni tó bá ha á pẹrẹsẹ ti bà á jẹ́, wáyà á máa gbọ̀n gìrìgìrì láìnídìí. Ráútà tún já igi kékeré lára floor tom, wọ́n fi gúlúù àti ìyẹ̀fun igi dí i. Wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ fún mi ní gbígbẹ láìfi nǹkan kan pa á. Igi ìhòòhò nínú òjò tiwa yìí? Àbẹ́là ni mo fi pa gbogbo etí wọn nílé, mo fi aṣọ nù ún. Ó ń dí omi, awọ náà sì ń yọ̀ geere bí mo bá ń fà á.

Iye tó gbà lórí ìlù kan kò tó owó awọ tuntun kan, nítorí náà màá padà lọ, ṣùgbọ́n màá dúró tì wọ́n. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé awọ tuntun yín dání. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e lé ìlù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìka kan yí i. Bí ó bá há níbìkan, ike ìbora ara ìlù ló nípọn jù tàbí igi ló ti wú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ha á níbẹ̀.