Oṣù Mẹ́jọ Pẹ̀lú Áàpù Tó Ń Gbé Ọjà Wá sí Ìsọ̀ Mi ní Ṣómólú

Ó ti di ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń ta pròfíṣọ̀n ní Ṣómólú, Òkè-Àrín ni mo sì ti máa ń ra ọjà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ ohun tó ń náni: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni n ó ti wọ dánfó lọ sí Yábàá, n ó wọ òmíràn tó ń gba Ìdó àti afárá Carter lọ sí Ìdúmọ̀tà, n ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ọjà. Bí mo bá rajà tán, n ó san owó alábàárù, n ó san owó ẹrù fún awakọ̀, ìsọ̀ mi á sì wà ní títì títí di ọ̀sán. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi pé kí n máa fi fóònù béèrè ọjà, kí ilé-iṣẹ́ àwọn sì máa gbé e wá láìgba owó ọkọ̀, n kò bá a jiyàn púpọ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Irú wọn ti pọ̀ ní Èkó, ohun tí mo sì rí lè wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ lo èyíkéyìí nínú wọn.

Lílò rẹ̀ kò le. Bí mo bá ti yan ọjà kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré á gbé e dé kí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó lù, n ó sì ka páálí kọ̀ọ̀kan kí n tó fi owó ránṣẹ́. Iye tí mo rí lálẹ́ náà ni mo ń san láàárọ̀, èyí tí kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó rántí bí iye ọjà ṣe ń yí padà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán ní Òkè-Àrín lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń to ẹrù. Awakọ̀ wọn kan fi hàn mí nínú fóònù rẹ̀ pé ìsọ̀ mẹ́rìnlá ló ní láti dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, láti Fadéyí dé Bárígà, àti pé ẹrù ẹni tí wọn yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dì sínú ọkọ̀, kí wọ́n má baà máa tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì nítorí páálí ọṣẹ méjì. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà, ènìyàn lè fojú fo irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkéde náà ó ti lé ní 480, kí ìsọ̀ mẹ́rìnlá sì jọ pín owó epo ọkọ̀ kan sàn ju kí oníkálukú máa wá dánfó tirẹ̀ lọ. Áàpù náà tún máa ń rántí ohun tí mo ń rà, á sì ta mí lólobó bí ó bá rò pé ó ti ń tán. (Ó ti rọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí n wá ra bíà, èmi tí ìsọ̀ mi fara ti mọ́ṣáláṣí.)

Ibi tí wọ́n kù díẹ̀ káàtó ni pé ọjà tó wà lójú fóònù kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọjà tó wà nílé ìkẹ́rùsí. Mo ti béèrè páálí mílíìkì mẹ́wàá, mẹ́rin ni wọ́n gbé wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, mo béèrè ìrẹsì àti òróró, wọ́n gbà á, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló sì fi ń bọ̀ lójú fóònù. Nígbà tí wọ́n fagi lé e, ọdún ku ọ̀la. Àwọn oníbàárà mi ti lọ ra tiwọn níbòmíràn.

N kò rò pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà dé ọwọ́ àwọn fúnra wọn gùn ju ibi tí áàpù náà lè ríran dé lọ. Ní Apápá, ìgbà kan wà tí àwọn tírélà ń tò sórí afárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó wọ èbúté, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò orí ẹ̀rọ tó ń pe tírélà wọ èbúté nígbà tó bá kàn án, tí wọ́n pè ní Ètò, ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté tuntun ní Lẹ́kkí, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, tó sì lè gba ọkọ̀ ńláńlá tí Apápá kò lè gbà. Síbẹ̀, kò sí ojú irin tó wọ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, orí títì náà ni kọntéínà ń gbà jáde. Bí ẹrù bá há síbì kan láàárín èbúté àti ilé ìkẹ́rùsí, áàpù kò mọ̀. Iye tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ṣì ń fi han gbogbo wa, ogún ènìyàn sì ti lè máa béèrè páálí mẹ́wàá kan náà.

Àlájà tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òkè-Àrín kò ní áàpù, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ àbúrò kan tó jẹ́ agẹ́ńtì ní Apápá. Òun ló máa ń pè mí pé, “Ìyá Kẹ́hìndé, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu lọ́la o, ẹrù wa ò tíì jáde. N ó yọ páálí márùn-ún pamọ́ fún ọ nínú èyí tó wà nílẹ̀.” Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà ṣọ̀wọ́n, ó kó ọjà fún mi láwìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú ìwé kékeré rẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Àwọn onífóònù náà ń tà láwìn, ọjọ́ méje pẹ̀lú èlé. Mo fi ọjọ́ méjì pẹ́ san nígbà tí ọmọ mi wà nílé ìwòsàn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àwìn náà títí oṣù fi parí, n kò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀rọ tó ń dá ìdáhùn kan náà padà.

Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Ọṣẹ, Indomie, bísíkíìtì àti gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe nítòsí wa, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rà á báyìí, n kò sì rí ìdí tí n ó fi padà. Bí wọ́n bá lè jẹ́ kí iye tó wà lójú fóònù máa dínkù bí páálí ṣe ń kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sì fi ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan sídìí tẹlifóònù, n ó fi méjì kún un. Ní ti ìrẹsì, òróró àti ọjà ọdún, mo ṣì ń jí lọ sí Ìdúmọ̀tà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè páálí mílíìkì mẹ́fà, mẹ́fà náà sì ni wọ́n gbé wá. Mo ti tún béèrè mẹ́fà mìíràn fún ọ̀la. Mo sì ti pe Àlájà.