Ọkọ̀ onílé tí a yá lọ ra aṣọ ẹbí l'Ékòó: ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí

Ẹni tó bá ní àgbàlagbà nílé, tó sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn yan aṣọ ìnáwó, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ọkọ̀ yìí tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé òun á gbé e wọ àárín Ìdúmọ̀tà, kó má wulẹ̀ yá a. Ọkọ̀ náà gùn, ó sì ga. Dẹ́rẹ́bà tí ilé iṣẹ́ náà fún wa ti sọ ọ́ kí a tó gbéra pé òun kò ní í wọ Balógun, mo sì yìn ín fún òótọ́ yẹn.

Bọ́ọ̀sì ńlá kan ni wọ́n tú àga inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá to bẹ́ẹ̀dì, kíṣínì kékeré, fíríìjì, tábìlì gbọọrọ kan àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi sínú rẹ̀. Ìgbéyàwó àbúrò mi ló gbé wa jáde. Màmá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin fárígá pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fọ́tò orí fóònù yan aṣọ fún àwọn, bẹ́ẹ̀ orúnkún ẹ̀gbọ́n màmá mi kò gba ìrìn ọjà mọ́. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ti tó owó. Ẹni tó bá ti mú ìyá àgbà lọ sọ́jà l'Ékòó rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Yábàá la kọ́kọ́ yà sí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ògúnfe, a sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná lórí tábìlì inú ọkọ̀, láìsí ẹni tó ń dúró lé wa lórí nítorí àga. Ní Tẹ́júoṣó, láínììnì àti ankara àwọn ọmọdé la rà, a kò pẹ́ níbẹ̀. Ọgbà mọ̀lẹ́bí wa kan ní Ẹ̀bùtè Mẹ́tta la sùn sí. Bẹ́ẹ̀dì náà le dáadáa, kò rì wọlẹ̀, ẹ̀yìn kò sì dun àwọn màmá nígbà tí wọ́n jí.

Láàárọ̀, ẹ̀wà àgọ̀nyìn àti búrẹ́dì Agége la jẹ. Ẹ mọ ata ẹ̀wà àgọ̀nyìn: ata gbígbẹ tí wọ́n fi epo pupa dín títí tó fi dúdú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí ronú jinlẹ̀. Àpótí ńlá kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ní ìdérí àti kọ́kọ́rọ́, gbogbo aṣọ tí a ti rà ló sì wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ọ̀rá ata. Epo ta sórí tábìlì, a nù ún kúrò. Ká ní orí léèsì ló ta sí ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀.

A gba Adékúnlé gun Third Mainland. Afárá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ọdún 1990 ni wọ́n sì ṣí i tán. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀ gíga yìí, ẹ ó rí àwọn ilé Makoko lórí omi ju bí ẹ ṣe ń rí i nínú danfo lọ. A páàkì sí agbègbè Oníkàn, èmi àti àbúrò mi sì gba CMS àti Broad Street wọ Balógun, dé apá tí wọ́n ń pè ní Gọ́tà, níbi tí àwọn onílèésì wà. Oníṣọ́ọ̀bù kan gbọ́ pé àwọn màmá wà nínú ọkọ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó oríṣi mélòó kan tẹ̀ lé wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n màmá mi dojú léèsì dé, wọ́n fi èékánná tọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá òwú ń tú. Láti ọdún 1960 lé díẹ̀, nígbà tí àwọn ará Lustenau ní Austria bẹ̀rẹ̀ sí í kó léèsì ránṣẹ́ sí wa, ni wọ́n ti ń dá a mọ̀. Màmá mi nà án láti imú dé orí ìka ọwọ́, wọ́n sì kà á pé ọ̀pá márùn-ún pé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, àǹtí mi ní kí ẹ mú èyí tó bá wù yín, kí n kó ìyókù padà."

Ibẹ̀ náà ni àléébù tó dùn mí jù ti yọ. Iná inú ọkọ̀ náà pọ́n bí epo, gíláàsì fèrèsé sì dúdú. Léèsì wáìnì tí a ń wá wà níwájú wọn, wọ́n ní àwọ̀ kòkó ni, wọ́n sì ti ń ká a. Àbúrò mi ló gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo wa tó rí i pé wáìnì gan-an ni. Ọkọ̀ tí wọ́n ń polówó fún arajà kò yẹ kó ní irú iná bẹ́ẹ̀.

Ooru náà kò kéré. A kò lè tan jẹnẹrétọ̀ níbi tí a páàkì sí, éésì dákẹ́, fèrèsé kò sì ṣí ju ìwọ̀n ìka lọ. Àwọn màmá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn. Omi tí wọ́n ní yóò tó wa lò títí a ó fi padà tán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, dẹ́rẹ́bà ló wá ra kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹruwa. Wọ́n dá owó yẹn padà fún wa láìjà láìta.

Tí ẹ bá fẹ́ yá a, ẹ má ṣe mú ọjọ́ Àìkú, torí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Balógun kì í ṣí. Ẹ bi wọ́n bí omi ṣe pọ̀ tó, kí ẹ sì rí i pé fèrèsé ṣí dáadáa. Màmá mi ti ní kí n bá wọn dá ọjọ́ mìíràn, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n fẹ́ lọ ra àdìrẹ. Mo ti sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé bí wọn kò bá pààrọ̀ gílóòbù wọn, a ó mú èyí tó funfun dání.