Rufus: fún ẹni tó fẹ́ jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde

Bí Windows bá kọ̀ tí kò wọ inú kọ̀ǹpútà tábìlì tó ti pẹ́, kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú. "Ó ti darúgbó," wọ́n á ní, wọ́n á sì sún un sí kọ̀rọ̀ yàrá. Èmi kì í tètè gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, ara fláàṣì tí wọ́n fi ń gbìyànjú ni wàhálà sábà máa ń wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí lára Rufus, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú fláàṣì bẹ́ẹ̀.

Fáìlì kékeré kan péré ni. Ẹ kò ní láti fi í sórí kọ̀ǹpútà yín rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Pete Batard ló kọ ọ́, ó ti wà níta láti ọdún 2011, ọ̀fẹ́ sì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú fáìlì ISO (fáìlì kan ṣoṣo tó kó gbogbo ohun tí a fi ń fi ètò sórí kọ̀ǹpútà) ti Windows tàbí ti Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows), kó tò ó sínú fláàṣì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà á fi lè bọ́ọ̀tù, ìyẹn kó tàn kó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti ibẹ̀. Ẹni tó bá kàn da fáìlì ISO kọ sórí fláàṣì, tó wá ń retí kó bọ́ọ̀tù, á jókòó pẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àpótí méjì tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá: "Partition scheme" àti "Target system". BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí kọ̀ǹpútà bí a bá tàn án) ni kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ń lò, MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín dísìkì) sì ni Windows ń fẹ́ lórí dísìkì irú wọn. UEFI (arọ́pò BIOS) ni àwọn tó dé lẹ́yìn ń lò, GPT (ọ̀nà tuntun tí a fi ń pín dísìkì) sì ni tiwọn. Àwọn tó bọ́ sáàárín ayé méjèèjì, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, ló máa ń fúnni ní ìyọnu jù. Wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ èyí tí wọ́n ń fọ̀ lọ́wọ́ fún yín.

Irú ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan gbé wá bá mi. Windows 10 ni wọ́n fẹ́ tún fi sí i nígbà náà. Setup, ètò tó ń fi Windows síbẹ̀, á ṣí dáadáa, àmọ́ bí ó bá ti kan kí wọ́n yan dísìkì, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "The selected disk is of the GPT partition style."

"Ṣé dísìkì yìí ti kú ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Dísìkì yín ò ṣe nǹkan kan."

Mo tún kọ̀ǹpútà náà tàn, mo tẹ F12 kó gbé mẹ́nù bọ́ọ̀tù jáde (F11, F8 tàbí Esc ni lórí àwọn mìíràn). Fláàṣì kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan ní "UEFI:" níwájú orúkọ rẹ̀, èkejì kò ní. Èyí tí kò ní, tó ń bọ́ọ̀tù lọ́nà BIOS, ni wọ́n ti ń yàn. Kì í ṣe Rufus ni wọ́n fi ṣe fláàṣì ọ̀hún. Rufus, tó bá jẹ́ ISO Windows, á ní kí ẹ ti pinnu ṣáájú: bí ẹ bá mú GPT, UEFI nìkan ni fláàṣì yẹn á gbà bọ́ọ̀tù. Mo fi Rufus tún un ṣe bẹ́ẹ̀, setup sì gba dísìkì náà láìjiyàn.

Tó bá wá jẹ́ pé BIOS nìkan ni kọ̀ǹpútà yín mọ̀, MBR ni kí ẹ mú. Bí dísìkì bá ti jẹ́ GPT tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ Shift pẹ̀lú F10 nínú setup kí fèrèsé àṣẹ ṣí, ẹ kọ diskpart (ètò tí a fi ń pín dísìkì), lẹ́yìn náà list disk. Èyí tó ní ìràwọ̀ lábẹ́ "Gpt" ni. Ẹ fi select disk àti nọ́ńbà rẹ̀ yàn án, kí clean àti convert mbr tó tẹ̀lé e. Clean á pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, fọ́tò ìgbéyàwó àti gbogbo ẹ̀.

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Rufus lè yọ ìdènà TPM 2.0 (ṣípù ààbò), Secure Boot (ààbò ìgbà bọ́ọ̀tù) àti RAM 4 GB kúrò nínú setup. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè yí processor padà: Windows 11 24H2 kò lè bọ́ọ̀tù lórí Core 2 Duo, torí processor yẹn kò ní SSE4.2, àwọn àṣẹ kan tí Windows náà ń béèrè lọ́wọ́ processor. Linux Mint Xfce ni mo máa ń fi sírú wọn, pàápàá tí RAM bá tó 4 GB. Rufus á bi yín bóyá ISO mode ni tàbí DD mode, ọ̀nà méjì tó ń gbà kọ fláàṣì; ẹ mú ISO, bí kò bá bọ́ọ̀tù, ẹ padà wá mú DD.

Àbùkù rẹ̀ kò ṣàìsí. Orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ Windows 7 ló ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ lò ó lórí rẹ̀, ẹ wá ẹ̀dà 3.22, torí láti 4.0 ni kò ti gba Windows 7 mọ́. Àlàyé rẹ̀ náà kò tó; ẹni tí kò mọ MBR yàtọ̀ sí GPT, kò sẹ́ni tó máa là á yé e nínú fèrèsé yẹn. Kò sì sí ohun tó lè ṣe sí bátìrì CR2032 tó ti kú lórí bọ́ọ̀dù, èyí tó ń mú kí déètì àti ètò bọ́ọ̀tù tí ẹ ṣe sínú BIOS pòórá tí ẹ bá ti yọ iná. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ohun kan tó kù: Rufus kì í fi dísìkì ńlá tí à ń so mọ́ USB hàn nínú àpótí "Device" àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí "List USB Hard Drives". Ẹ má fọwọ́ sí i láìnídìí. Ohunkóhun tó bá wà nínú àpótí yẹn nígbà tí ẹ bá tẹ Start ni ó máa nù mọ́.