Mo sanwó kọ́ swing Stack and Tilt n'Íkẹjà: ohun tó ṣe, ohun tí kò ṣe

Bí àwa tí à ń gbá gọ́ọ̀fù l'Ékòó bá ti jókòó sí ihò kọkàndínlógún, níbi tí ọtí tútù àti àsun wà, ọ̀rọ̀ swing, ìyẹn bí kálukú ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ló máa ń gbóná jù. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ Stack and Tilt lọ́wọ́ kóòṣì kan n'Íkẹjà, èmi ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan á fi mí rẹ́rìn-ín ní gbangba, wọ́n á tún wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé èló ni kóòṣì yẹn ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ní kọ̀rọ̀ yìí ni mo ń kọ ọ́ fún. Ìdájọ́ mi rèé: tó bá jẹ́ ti áyọ́ọ̀nù, ọ̀pá onírin tí à fi ń gbá bọ́ọ̀lù tó wà lórí koríko, owó náà kò ṣòfò rárá, pàápàá lásìkò òjò. Tó bá jẹ́ ti dráífà, ọ̀pá gígùn tí à fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò.

Ní ọ̀nà tí gbogbo wa kọ́, ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù á gbé ìwúwo ara rẹ̀ lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún bó bá ti ń gbé ọ̀pá sẹ́yìn, á wá dá a padà sórí tòsì bó bá ń fì í bọ̀ wálẹ̀. Stack and Tilt ní kí lẹ ń lọ wá lọ́hùn-ún, ṣebí ẹ ṣì ń padà bọ̀? Láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ju ìlàjì ìwúwo yín lọ á wà lórí ẹsẹ̀ òsì. Kò ní kúrò níbẹ̀, ńṣe ló máa ń pọ̀ sí i títí ọ̀pá á fi kan bọ́ọ̀lù. Bí ẹ ṣe ń gbé ọ̀pá sókè, èjìká òsì á máa lọ sísàlẹ̀, orúnkún ọ̀tún á nà, tòsì á tẹ̀ díẹ̀, egungun ẹ̀yìn á sì tẹ̀ sí ìhà ibi tí ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ ó ti ìbàdí síwájú, ẹ ó sì nà ró. Orí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kóòṣì máa ń sọ pé kí n ṣe bí ẹni tó ru garawa omi tó kún dẹ́nu. Ẹni tó bá ń wò yín lókèèrè á rò pé ẹ fẹ́ ṣubú ni.

Àwọn kóòṣì ará Amẹ́ríkà méjì, Andy Plummer àti Mike Bennett, ló gbé e kalẹ̀. Ọdún 2007 tí ìwé ìròyìn Golf Digest gbé e jáde ni ariwo rẹ̀ gba ayé kan. Aaron Baddeley ọmọ Ọsirélíà, tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, ń lò ó nígbà yẹn, Mike Weir ọmọ Kánádà tó ti gba ìdíje ńlá Masters ní 2003 náà sì wà pẹ̀lú wọn.

Ibi tó ti wúlò fún wa gan-an ni ilẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá gọ́ọ̀fù n'Íkòyí tàbí n'Íkẹjà láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje mọ bí koríko ṣe máa ń mu omi yó. Nínú ẹ̀rùn, tí ọ̀pá bá kan ilẹ̀ díẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ líle lè ta á síwájú, bọ́ọ̀lù á ṣì lọ. Lásìkò òjò, kò sí ìdáríjì. Ẹrẹ̀ á gbé ọ̀pá mì, bọ́ọ̀lù á fò bí ìwọ̀n yàrá méjì, ẹrẹ̀ tó kù á sì bá ṣòkòtò funfun. Ohun tó ń fa èyí kò ju pé ìwúwo ara ọ̀pọ̀ wa kì í tètè dé láti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Gbogbo swing ló ní ibì kan tí ọ̀pá ti máa ń lọ sísàlẹ̀ jù. Bí ara bá wà lẹ́yìn, lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ á wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Bí ara bá wà níwájú, lórí ẹsẹ̀ òsì, á bọ́ sí iwájú rẹ̀. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, tí wọ́n ń gbá a lójoojúmọ́, lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ lásìkò. Èmi tí mo ń wa mọ́tò kọjá lórí Third Mainland lọ síbi iṣẹ́, tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń fọwọ́ kan ọ̀pá, ara mi kì í dé lásìkò. Swing tó ní kí n má lọ rárá ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Ẹ má wo bí bọ́ọ̀lù ṣe fò, ojú ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni koríko tí ọ̀pá mi ń gé máa ń wà. Ní báyìí, iwájú ibi tí bọ́ọ̀lù wà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́lẹ́. Áyọ́ọ̀nù 7 mi kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ibi tí mo bá rán an ló ń jẹ́, bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Kádì tó ń bá mi gbé báàgì ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí: "Ọ̀gá, ẹ kì í wa ilẹ̀ mọ́ o."

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ máa ń gbá a, àgbà agbẹjọ́rò ni wọ́n, wọn ò sì fara mọ́ ọn rárá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí mi, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni? Kí ni gbogbo eléyìí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bọ́ọ̀lù, ẹ má wo ẹsẹ̀ mi." Mo rán wọn létí Jim Furyk, tí ọ̀pá rẹ̀ máa ń yí kọ́lọkọ̀lọ lókè kó tó sọ̀ kalẹ̀, tó sì gba ìdíje ńlá U.S. Open ní 2003. Òun náà ló fi ìgbá 58 péré parí ihò méjìdínlógún ní 2016. Kò sẹ́ni tó tíì gbá iye tó kéré sí i ní PGA Tour, ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà. Mo tún mẹ́nu ba Moe Norman ará Kánádà, tó kú ní 2004. Ọkùnrin yẹn á na ọwọ́ méjèèjì jìnnà sí ara, á gbé orí ọ̀pá kalẹ̀ jìnnà sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń lọ tààrà débi tí wọ́n fi ń pè é ní Pipeline Moe.

Ẹ̀gbọ́n dá mi lóhùn pé láti kékeré ni bàbá Furyk ti ń kọ́ ọ, pé ta ni bàbá tèmi nínú gọ́ọ̀fù, tí mo fi ń yí swing padà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún? Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n ń rò yẹn, ẹjọ́ ìyípadà ni, kì í ṣe ẹjọ́ Stack and Tilt. Bó bá jẹ́ swing àtijọ́ ni mo fẹ́ tún kọ́ dáadáa ní ọjọ́ orí yìí, ìyà kan náà ni.

Èyí tí wọ́n fi mú mi gan-an ni ti Baddeley. Òun tí wọ́n ń gbé kiri bí àpẹẹrẹ padà fi ọ̀nà náà sílẹ̀, ó lọ bá kóòṣì rẹ̀ àtijọ́, ó sì gba ìdíje Northern Trust Open ní 2011. Weir náà kò dúró síbẹ̀. Kóòṣì mi kì í fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, ó kàn ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ nígbà tó ń polówó fún mi, ó ní gbogbo ọ̀pá inú báàgì ni ọ̀nà yìí máa ṣe fún.

Irọ́ ni, tàbí kí n sọ pé àsọdùn ni. Bọ́ọ̀lù dráífà wà lórí tíì, igi kékeré tó gbé e kúrò nílẹ̀. Bí ọ̀pá bá ti kọjá ibi ìsàlẹ̀ jù rẹ̀, tó ti ń gòkè bọ̀ kó tó kàn án, ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù máa ń jìnnà. Ìwúwo tó wà níwájú, tó gbà mí lọ́wọ́ ẹrẹ̀, òun náà ló ń mú kí dráífà mi ṣì máa sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ọ̀lù á lọ sókè gan-an, á yípo jù, á sì rọra já bọ́ síbi tí kò jìnnà. Bí mo bá sì fẹ́ fi agbára kún un, igi ọwọ́ òsì ló ń gbà á, nítorí swing yìí fúnra rẹ̀ máa ń mú kí bọ́ọ̀lù tẹ̀ sósì. Kóòṣì ní kí n fi bọ́ọ̀lù síwájú sí i, kí n sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí mo bá ti ń fà sẹ́yìn, kí ló wá kù nínú Stack and Tilt?

Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Ìdí àti ẹ̀yìn máa ń ro mí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìbàdí tí à ń tì síwájú yẹn. Ó ti lọ. Ẹni tí dókítà bá ti ń bá sọ̀rọ̀ egungun ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, kó kọ́kọ́ fi fídíò han dókítà náà.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: ₦25,000 ni wákàtí kan, owó bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀. Kóòṣì náà ti ṣe kádì rí, ó ní sùúrù, kì í fi òyìnbó dààmú ènìyàn, ó sì máa ń fi fídíò swing yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́, pẹ̀lú ohùn tó fi ṣàlàyé rẹ̀. Fídíò yẹn nìkan tó owó tí mo san. Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé ó máa ń rọ̀ mọ́ni láti san ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ bí òjò bá lé wa wọlé, wákàtí yẹn ti lọ nìyẹn. Ẹ má gbà. Ẹ san ti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ mú áyọ́ọ̀nù méjì dání, ẹ sì ní kó jẹ́ orí koríko ni ẹ ti gbá a, kì í ṣe orí ẹní rọ́bà, nítorí ẹní rọ́bà kì í fi hàn bí ẹ bá kọ́kọ́ gbá ilẹ̀. Dráífà tèmi ti padà sí swing àtijọ́ ní tirẹ̀. Kóòṣì mọ̀, kò sì dùn mọ́ ọn nínú.