Ilé ìtẹ̀wé tí mo gbé ewì àti ìtàn kúkúrú mi lọ ní Adó-Èkìtì: bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ewì jọ sínú fóònù tẹ́ ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e gbà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Adó níbí, lápá Ajílòsun, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá òǹkọ̀wé tuntun tẹ ìwé jáde, bẹ̀rẹ̀ látorí títò ó sínú kọ̀ǹpútà, dórí èèpo ẹ̀yìn, dórí ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, títí wọ́n á fi gbé páálí ìwé fún yín. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti tẹ ìwé mi àkọ́kọ́. Ewì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìtàn kúkúrú mẹ́rin ló tẹ̀lé e, Yorùbá ni gbogbo ẹ̀, ojú ewé 96, igba ẹ̀dà. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ẹjọ́ wà tí mo máa rò nísàlẹ̀, mo sì fẹ́ rò ó bó ṣe rí gan-an láìba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́.

Ìkéré ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ìlú Níyì Ọ̀ṣúndáre nìyẹn, akéwì èdè Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀bùn Noma fún ìwé ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1991, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa, inú wọn sì máa ń dùn sí i. Àmọ́ tó bá ti di ewì Yorùbá, èyí tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò nìkan ni wọ́n ń kà, tí ìdánwò bá ti parí wọ́n á ti pa á tì. Ó máa ń dùn mí. Mo fẹ́ kí wọ́n di ìwé ewì Yorùbá mú lọ́wọ́ tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ló kọ ọ́, ìdí tí mi ò fi fẹ́ jẹ́ kó parí sórí fóònù nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá o. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń gbé wọn dúró, torí náà ìwé ewì ẹni tí aráyé ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, tí kò sí lára èyí tí WAEC tàbí NECO yàn, ó ṣòro kí wọ́n tó náwó lé e lórí. Ibi tí wọ́n ti dá mi lóhùn, wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ náà dáa àmọ́ ọjà ewì ò yá. Mi ò bínú. Ẹni tí wọ́n bá gbà, àwọn ni wọ́n máa náwó, wọ́n á wá máa fún un ní ìdá díẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá tà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn tó bí mi nínú ni ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tó ń polówó lórí Facebook pé àwọn ń wá òǹkọ̀wé tuntun. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ náà ni wọ́n ti ní àwọn ti gbà á, ṣé wọ́n tiẹ̀ kà á ni? Wọ́n wá fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, èmi ni máa sanwó títẹ̀, èmi ni máa sanwó èèpo ẹ̀yìn, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà títí láé, ní gbogbo èdè, ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n bá lè gbà tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọdé tó ń kọ̀wé, ẹ má buwọ́ lu nǹkan báyìí. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tó kọ ìwé ló ni ín látìgbà tó ti kọ ọ́, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, á sì jẹ́ tiẹ̀ títí tó fi máa kú àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ogún ọmọ yín ni. Ẹni tẹ́ ẹ fowó yín bẹ̀ níṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbé e lọ.

Ọmọ ìyá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, ló júwe ti Adó yìí fún mi. Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí níbẹ̀ ni pé Mọ́mì tó ni ibẹ̀ ò sọ pé òun máa sọ mí di olókìkí. Ó ní, "Ìwọ lo ni ìwé ẹ, àwa kàn ń bá ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, iye ẹ̀dà tó o bá fẹ́ la máa tẹ̀." Ó kọ iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí pépà, kò pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ mi lójú, mo sì lè yọ èyí tí mi ò fẹ́ kúrò.

Ibi tí iṣẹ́ wá wà gan-an ni àmì ohùn, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ràn wọn jù. Ẹni tó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì ò lè mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní in ní odindi, ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ, á wá gbé àmì òkè lé e lórí lọ́tọ̀. Tí wọn ò bá wá ṣe fọ́ǹtì dáadáa fún un, àmì òkè á sún lọ sórí lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tàbí kó léfòó, tàbí kí gbogbo ẹ̀ di àpótí kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tò ó, inú CorelDRAW tí wọ́n fi ń ṣe páńfúlẹ́ẹ̀tì ìsìnkú àti ìgbéyàwó ni wọ́n tò ó sí, pẹ̀lú fọ́ǹtì tó rẹwà lójú, ewì mi sì dàrú pátápátá, èmi tí mo kọ ọ́ ò lè kà á. Ara mi bù máṣọ.

Bọ̀dá tó ń tò ó ò jiyàn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá jókòó síbí, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì í o, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, a wá fọ́ǹtì tó ń gbé àmì Yorùbá dáadáa, Charis SIL la lò fún ìtàn, Gentium la lò fún ewì, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹ lè gbà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún sọ nǹkan kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé kọ̀ǹpútà máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì níparí ìlà, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń gé e, torí náà ó pa ètò gígé yẹn. Gbogbo ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti gé ọ̀rọ̀ Yorùbá wẹ́lẹwẹ̀lẹ tẹ́lẹ̀.

Ewì náà tún ní tiẹ̀. Wọ́n ti fa àwọn ìlà náà gùn kí etí méjèèjì lè bára mu, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìwé ìròyìn, àlàfo ńlá ńlá wá wà láàárín ọ̀rọ̀. Ewì ò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ibi tí mo bá já ìlà sí ni èémí máa já sí, tí ẹni tó ń kà á bá rí àlàfo níbi tí kò yẹ á dúró níbi tí kò yẹ. A dá gbogbo ẹ̀ padà sápá òsì. Ìlà tó gùn ju ojú ewé lọ, a sún ìyókù ẹ̀ wọlé díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ kó má bàa dà bí ìlà tuntun. Ewì kúkúrú tó ti pín sójú ewé méjì, a gbé e sójú ewé kan. Kò sí owó tí wọ́n gbà lórí gbogbo wàhálà yìí, mi ò sì mọ ibòmíì tí wọ́n ti máa gbà fún òǹkọ̀wé kó jókòó ti ẹni tó ń tò ó.

ISBN yá. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀, National Library, ló ń fúnni, àwọn ará Ajílòsun yìí ni wọ́n bá mi ṣe gbogbo ẹ̀, nọ́ńbà 13 ni, ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Ẹ rí i dájú pé orúkọ yín ni wọ́n fi gbà á, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lo orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Ìwé orí pépà àti ti orí fóònù, kálukú ló ní nọ́ńbà tiẹ̀. Òfin sì ní kí ẹni tó tẹ ìwé jáde fún Ilé Ìkàwé náà ní ẹ̀dà mẹ́ta láàárín oṣù kan, nígbà tó sì jẹ́ èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi ni mo gbé e lọ.

Ní ti owó, ẹ̀dà kan bọ́ sí nǹkan bíi ₦2,100 fún mi, mò ń tà á ní ₦3,500. Àwọn kan á ní ó wọ́n. Tí ẹ̀dà bá kéré, ẹ̀rọ DI ni wọ́n máa ń lò, ó ń tẹ̀ ẹ́ tààrà látinú kọ̀ǹpútà, iye tí ẹyọ kan bá jẹ́ náà ló máa jẹ́, ẹ tẹ ogún, ẹ tẹ igba. Tó bá di ẹgbẹ̀rún ni wọ́n á lo pilétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, owó pilétì àti títún ẹ̀rọ tò sì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí ẹ̀dà ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹyọ kan ń rẹlẹ̀ sí i. Wọ́n máa fi ẹgbẹ̀rún lọ̀ yín, iye ẹyọ kan á sì dùn létí gan-an. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó jẹ́ tuntun má dá a láṣà, ẹgbẹ̀rún ìwé ewì nínú yàrá ẹni kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sàn kí igba tán kẹ́ ẹ tún tẹ òmíràn.

Ẹjọ́ mi nìyí o. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé náà, wọn ò rán an, kò sì burú fún ìwé tí kò nípọn, àmọ́ nínú páálí kan, bẹ́ ẹ bá ti ṣí ìwé dáadáa báyìí, ewé àárín á yọ. Ọmọ kan mú tiẹ̀ wá bá mi pé "Àǹtí, ewì yín ti já o," ojú tì mí gan-an. Mo kó wọn padà lọ. Ẹni tó wà níbi ẹ̀rọ ní èmi ni mo ṣí i jù, inú bí mi, ìwé ló ṣáà jẹ́, kí làá fi í ṣe bá ò ní ṣí i! Mọ́mì ló pàṣẹ kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún un lẹ̀, kò yọ mọ́. Àmọ́ wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni iná àti owó dísù, ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé sì ti ń sún mọ́lé, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Èèpo ẹ̀yìn náà ká sókè nígbà ọyẹ́, torí ọ̀rá tí wọ́n fi bo iwájú ẹ̀ nìkan, kò dá mi lójú pé ẹ̀bi wọn ni ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta á lórí fóònù, OkadaBooks tí ọ̀pọ̀ wa ń lò tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé nípárí oṣù kọkànlá ọdún 2023, Amazon KDP ò sì ka Yorùbá mọ́ àwọn èdè tí wọ́n ń gbà. Selar, ìkànnì ìtajà kan, ni mo gbé PDF tèmi sí. Kí ẹ sì tó tẹ odindi ìwé, ẹ fi ewì kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí Àtẹ́lẹwọ́, iṣẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń gbé jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó mọ èdè ló ń kà á níbẹ̀.

Máa padà lọ sí Ajílòsun fún ìwé kejì, mo ti sọ fún wọn. Ní tiyín, ẹ béèrè dọ́mì kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, ìyẹn odindi ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ bó ṣe máa rí, ẹ má fi PDF orí WhatsApp gbà, torí àmì tó dúró dáadáa lórí fóònù lè sún tó bá dé ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn. Ẹ kà á sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ṣí i dáadáa láàárín, ẹ buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì fi ọ̀kan pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó tán, ẹ gba fáìlì tí wọ́n tò ó sí àti PDF rẹ̀ sórí fláṣì. Wọ́n fún mi lójú ẹsẹ̀, wọn ò bèèrè kọ́bọ̀.